Òkun Wo Ló Ń Dá Òjò Oṣù Kẹjọ Dúró?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí nítòsí Ìsẹ́yìn, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn. Lọ́dún tó kọjá, mo gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ìparí oṣù keje, bí òjò ṣe dá nìyẹn. Òjò á ṣú láti àárọ̀, ojú ọ̀run á dúdú, kò ní í rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àgbàdo náà ló kú. Wọ́n ní lórí rédíò pé El Niño ló fà á, pé omi òkun Pàsífíìkì ló gbóná. Àwọn kan lábúlé ní ẹni tó ń ṣe ìnáwó ló so òjò. Kí ni omi tó wà ní òdìkejì ayé wá ṣe lóko mi? Bí omi òkun bá sì gbóná, ṣé òjò kọ́ ló yẹ kó pọ̀ sí i ni? Lọ́dún yìí ńkọ́, ṣé kí n gbin nǹkan ní ìparí oṣù keje àbí kí n dúró?"

Ẹ kú àdánù o, Ọlọ́run yóò fi rere rọ́pò. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, kò sí oṣù kẹjọ tó ń lọ kí ẹnìkan má bi mí. Ohun tó jẹ́ kó rúni lójú ni pé ọ̀rọ̀ òkun méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ohun tí ẹ gbọ́. Òkun lọ́wọ́ nínú òjò yín tó dá lóòótọ́. Àmọ́ bí mo bá máa fura sí òkun kan, Pàsífíìkì kọ́ ni n óò kọ́kọ́ nàka sí. Òkun tiwa níbí ni, Àtìláńtíìkì, èyí tí ẹ ó fojú rí bí ẹ bá dé Èkó tàbí Kútọnu. Gbígbóná rẹ̀ sì kọ́ ló ń dá òjò oṣù kẹjọ dúró, tútù rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ìwọ̀nba mítà méjì ààbọ̀ tó wà lókè pátápátá nínú omi òkun, ooru tó lè gbà mọ́ra tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ títí dé òkè réré. Nítorí náà, bí òkun bá ti gbóná tàbí tó tutù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan ló máa fi wà bẹ́ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ á máa tẹ̀ lé e. Níbi tó bá ti gbóná, omi ń fẹ́ lọ sókè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fúyẹ́, á gbéra, omi inú rẹ̀ á di òjò. Ooru tí omi náà gbé gòkè á tún tú síta nínú òjò yẹn, á sì tún ti afẹ́fẹ́ náà lọ sókè sí i. Èyí tó tutù, tó wúwo, á rọ́ wá gba àyè rẹ̀ nísàlẹ̀; ohun tí à ń pè ní atẹ́gùn nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó bá sì gòkè níbì kan, dandan ni kó sọ̀ kalẹ̀ níbòmíràn. Ibi tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, òjò ibẹ̀ á ṣọ̀wọ́n.

Nílẹ̀ tiwa, atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti January dé December. Ọ̀kan ni ọyẹ́, tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, tó gbẹ. Èkejì ni atẹ́gùn òkun, tó ń ti gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn bọ̀, tó rù omi. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró sójú kan. Nínú oṣù kìíní, ó máa ń sún mọ́ etíkun wa. Nínú oṣù kẹjọ, ó ti wọ inú Sàhárà lọ, ó ti kọjá Agadez ní Nìjẹ̀ẹ́. Òjò ńlá kì í rọ̀ ní ojúko ìpàdé yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ níhà gúúsù, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, ló ti ń rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Kánò àti Sókótó ń kún fún omi nínú oṣù kẹjọ, àwa níbí ń wojú ọ̀run.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ parí àlàyé sí. Kò burú, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Bó bá jẹ́ pé lílọ tí òjò lọ sí Òkè Ọya nìkan ló fà á, gbogbo etíkun ló yẹ kó gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá wo Kàlàbá: òjò àrọ̀ìrọ̀dá ni wọ́n ń rí nínú oṣù kẹjọ. Ẹ tún wo Accra, tí jíjìn rẹ̀ sí ìlà agbedeméjì ayé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Kàlàbá: oṣù kẹjọ wà lára àwọn oṣù tó gbẹ jù níbẹ̀. Láti Èkó lọ sí ìwọ̀-oòrùn, gba Kútọnu àti Lomé kọjá, ni ọ̀dá náà ti ń le sí i. Ohun mìíràn wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, inú òkun ló sì wà.

Nínú oṣù kẹrin, omi ojú òkun tó wà ní gúúsù wa, níbi ìlà agbedeméjì ayé, a máa gbóná tó 28°C sí 29°C. Tó bá di oṣù karùn-ún, atẹ́gùn tó ń ti ọ̀nà erékùṣù Saint Helena, níhà gúúsù Àtìláńtíìkì, bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Á máa ti omi gbígbóná orí lọ, omi tútù abẹ́ á sì máa ru sókè wá rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi di oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ibi tó gbóná yẹn ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 24°C, nígbà mìíràn kó tún kéré sí i. Lọ́tọ̀, ní èbúté Gáná àti Ivory Coast, omi tútù mìíràn tún ń ru sókè lẹ́bàá ilẹ̀ láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án. Inú àwọn apẹja ibẹ̀ a máa dùn nígbà náà, torí omi abẹ́ yẹn ló ń gbé oúnjẹ ẹja wá sókè, ìgbà yẹn sì ni ẹja kéékèèké bí ṣàwá ń ya wọ inú àwọ̀n wọn. Ohun tó ń bọ́ apẹja Gáná ló ń gba òjò lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn.

Òkun tútù yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì, àwọn méjèèjì sì dà bí ẹni pé wọ́n ta kora. Lọ́nà kìíní, òun ló ń ran òjò lọ́wọ́ láti dé Òkè Ọya. Sàhárà ń jóná lápá kan, òkun tutù lápá kejì, ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń fa atẹ́gùn òkun wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà. Ní ìparí oṣù kẹfà, òjò ńlá tó ti ń pọ̀ ní etíkun kì í rọra rìn lọ sí àríwá. Ńṣe ló máa ń fò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́nà kejì, afẹ́fẹ́ tó gba orí omi tútù yẹn kọjá ti tutù, ó ti wúwo, kò fẹ́ gbéra. Afẹ́fẹ́ mìíràn tó gbẹ, tó sì gbóná jù ú lọ, wá jókòó lé e lórí bí ìdérí ìkòkò. Omi wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà gòkè.

Ìdí nìyẹn tí òjò ń ṣú tí kò rọ̀. Bí ẹ bá jí ní ìdájí ọjọ́ kan láàárín oṣù kẹjọ, ẹ wòkè dáadáa. Ojú ọ̀run á tẹ́ pẹrẹsẹ, á rí bí eérú láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, kò sí ibi tó wú. Koríko á tutù, bóyá òjò wínníwínní ti kán tí kò lè wọ ilẹ̀ ju ìka kan lọ. Atẹ́gùn jẹ́jẹ́ á máa ti ọ̀nà òkun bọ̀, àwọn ọmọ á ti wọ súẹ́tà. Kò sí àrá, kò sí mànàmáná. Tó bá di nǹkan bí ọ̀sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́, oòrùn á yọ díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á tún padà. Sánmà yẹn kò ga sílẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ, kò sì nípọn. Ẹ fi wé òjò oṣù kẹrin, tó máa ń ti ìlà-oòrùn gbára jọ lọ́sàn-án, tí atẹ́gùn rẹ̀ á kọ́kọ́ gbé eruku àti páànù kó tó dé: ìyẹn a máa ga ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Irú sánmà gíga bẹ́ẹ̀ ló ń gbé òjò tó lè rin oko.

Èmi nìkan kọ́ ni mò ń sọ ọ́. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje 2016, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù àti ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pawọ́ pọ̀ wá wo sánmà yìí lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní DACCIWA. Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n pa sórí ilẹ̀: Ilé-Ifẹ̀, Sábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àti Kumasi ní Gáná. Wọ́n ń fi bálúùnù rán ẹ̀rọ lọ sókè, bàálù wọn sì ń gbéra láti Lomé. Ohun tí wọ́n rí ni pé afẹ́fẹ́ tútù òkun ló ń wọlé lálẹ́, tí sánmà pẹrẹsẹ náà sì ń ṣẹ̀dá láti òru títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Irú sánmà kan náà ló ń bo Ifẹ̀ àti Kumasi. Nítorí náà, n kò ní bá yín jiyàn lórí ohun tí àwọn àgbà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìnáwó l'Ísẹ́yìn tó lè so òjò láti ibẹ̀ dé Gáná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìnáwó rẹ̀ mà tóbi o.

Ẹ bèèrè bóyá kì í ṣe òjò ló yẹ kó pọ̀ bí òkun bá gbóná. Ẹ gbà á ní apá kan. Bí òkun tiwa bá kọ̀ láti tutù nínú oṣù keje, ìdérí yẹn kì í dúró, òjò a sì máa rọ̀ ní etíkun wọ inú oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n àtisanwó rẹ̀ wà lọ́rùn ará Òkè Ọya. Nígbà tí òkun kò tutù, ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti Sàhárà dín kù, atẹ́gùn kò lágbára láti gbé òjò lọ jìnnà. Ọdún 1984 ni àpẹẹrẹ tí gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí máa ń tọ́ka sí: omi òkun tó wà ní gúúsù wa gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ọdún náà sì ni ọ̀dá dá àwọn ará Nìjẹ̀ẹ́, Chad àti apá òkè Nàìjíríà lóró jù. Òdìkejì rẹ̀ wáyé ní 2024. Omi Àtìláńtíìkì tutù kọjá bó ṣe yẹ ní ìlà agbedeméjì ayé nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje, òjò sì pọ̀ ní Òkè Ọya lọ́dún náà. Oṣù kẹsàn-án ni ìdídò (dáàmù) Alau já tí omi bo Máídúgùrì. N kò sọ pé òkun ló fọ́ ìdídò o. Ọdún méjì kì í sì í ṣe òfin: ó lọ́dún tí òjò máa ń pọ̀ ní òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí òkun wa kọ́ ni òkun kan ṣoṣo tó ń fà á.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé díẹ̀ nìyí, torí ẹ̀bi ti ń bọ́ sórí ẹni tí kò ṣẹ̀ tipẹ́. Láti nǹkan bí 1968 títí wọ àárín ọdún 1980 sí 1989, ọ̀dá kò kúrò ní ilẹ̀ Sahel, ẹkùn tó wà létí Sàhárà níhà gúúsù. Adágún Chad, tó fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó nígbà kan, sún kì nígbà ọ̀dá náà débi pé kò pé 2,000 mọ́. Àlàyé tó gbilẹ̀ nígbà náà ni pé àwọn Fúlàní darandaran ló jẹ ilẹ̀ run: màlúù jẹ koríko tán, ilẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń ta ìtànṣán oòrùn padà sókè, òjò sá. Jule Charney, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1975, kì í sì í ṣe èrò òpònú. Ṣùgbọ́n ní 1986, Chris Folland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé òjò Sahel ń tẹ̀ lé ìgbóná ojú òkun káàkiri àgbáyé. Ní 2003, Alessandra Giannini àti àwọn mìíràn fi ìgbóná omi òkun nìkan sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà sì fúnra rẹ̀ ya ọ̀dá yẹn jáde. Ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lè mú un le sí i, ṣùgbọ́n òkun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ rántí èyí nígbà míì tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi ọ̀dá rù.

Ó wá kan El Niño. Ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí ọdún Kérésì dé ni àwọn apẹja Peru máa ń rí i tí omi wọn gbóná, wọ́n sì fi orúkọ Ọmọ náà, Jésù, pè é. Ní ọdún tí kò sí nǹkan, atẹ́gùn Pàsífíìkì ń gbá omi gbígbóná lọ sí ọ̀dọ̀ Indonéṣíà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gòkè tí òjò ti ń rọ̀. Bí atẹ́gùn náà bá dẹ̀, omi gbígbóná á ṣàn padà sí ìlà-oòrùn, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè á ṣí tẹ̀ lé e, ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ náà á ṣí. Gilbert Walker, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní Íńdíà láti 1904, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí apá ti afẹ́fẹ́, níbi tó ti ń wá ìdí tí òjò Íńdíà fi ń já wọn kulẹ̀. Jacob Bjerknes ló so ó mọ́ ti omi òkun ní 1969. Ọwọ́ El Niño gùn débí, mi ò sẹ́. Ó ń mú kí afẹ́fẹ́ òkè gbóná yíká ilẹ̀ olóoru, ó sì máa ń dín òjò Sahel kù. Àmọ́ lórí ilẹ̀ Yorùbá, ipa rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í lọ sí ọ̀nà kan náà lọ́dọọdún. El Niño ti 1982 sí 1983, ti 1997 sí 1998, ti 2015 sí 2016 àti ti 2023 sí 2024, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe bá wa lò.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé òun ni rédíò ń pariwo? Torí pé òun ló ṣeé sọ tẹ́lẹ̀ ni. Pàsífíìkì tóbi, ó lọ́ra, ohun tí ó ń gbèrò ti máa ń hàn ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Òkun tiwa kéré, ó sì ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láti 1997 ni Bràsíìlì, Fáránsé àti Amẹ́ríkà ti so àwọn ẹ̀rọ léfòó mọ́ inú Àtìláńtíìkì láti máa wọn ìgbóná rẹ̀ (àwọn ará Ceará ní Bràsíìlì náà ń wojú òkun yìí kan náà fún òjò wọn), síbẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ṣì máa ń rò pé omi ẹ̀bá wa gbóná ju bó ṣe rí lọ. Nítorí náà, nígbà tí NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, bá gbé àsọtẹ́lẹ̀ ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí wọ́n sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò parí àti bí ọ̀dá oṣù kẹjọ yóò ṣe gùn tó, ohun tó wà ní òkèèrè ni wọ́n fi ń gbé e púpọ̀. Èyí tó wà nítòsí, tó máa pinnu oṣù kẹjọ gan-an, kò tíì pinnu ohun tí yóò ṣe. Mo ń lo àsọtẹ́lẹ̀ yẹn, mo sì ń gba àgbẹ̀ níyànjú láti lò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ó jọ pé ọ̀dá yóò gùn, ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ó jọ. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, kò lè ṣàì rí mélòó kan tí òjò á yẹ̀ wọ́n lọ́rọ̀. Kò sì sí ẹ̀dá tó lè sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀ sórí oko yín nìkan.

Ní ti gbígbìn, ìparí oṣù keje tí ẹ gbin àgbàdo kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Àgbàdo tó bá wọlẹ̀ nígbà náà, ààrin sí ìparí oṣù kẹsàn-án ni yóò máa yọmọ, òjò àrọ̀kúrò sì ti dé pẹ̀sẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà yíyọmọ ni àgbàdo kò sì fẹ́ kí omi wọ́n òun. Ewu ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ oníyanrìn tí kì í pọn omi mọ́ra, ọ̀dá á pa á ní kékeré, kòkòrò tó ń jẹ ewé àgbàdo á sì bá yín parí èyí tó kù, torí ọ̀dá dùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá wá dúró di ìparí oṣù kẹjọ, ọmọdé àgbàdo á rí omi, ṣùgbọ́n òjò lè parí ní ìparí oṣù kẹwàá kó tó gbó. Ohun tí èmi máa ṣe ni pé n óò pín ilẹ̀ náà. Apá tó wà ní àbàtà tàbí tó ní ilẹ̀ dúdú, kí ẹ gbin àgbàdo sí i ní ìparí oṣù keje, kí ẹ má sun pàǹtí orí rẹ̀. Èyí tó kù, kí ẹ dúró di àárín oṣù kẹjọ sí ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ẹ lo irú àgbàdo tó ń gbó ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ fi àgbàdo sílẹ̀, ẹ̀wà ni kí ẹ gbìn, kò nílò omi púpọ̀, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á sì bá yín gbẹ ẹ. Ọ̀dá oṣù kẹjọ kò kúkú jẹ́ ibi pátápátá: òun ló ń jẹ́ kí ẹ rí àgbàdo àkọ́kọ́ sá kó má bu, àwọn olóko kòkó sì ń fi sinmi díẹ̀ lọ́wọ́ àrùn tó ń sọ èso wọn di dúdú.

Ẹ má fi sánmà pẹrẹsẹ tí mo júwe yẹn gbin nǹkan kan, bó ti wù kó dúdú tó. Ẹ dúró de àrá. Ọjọ́ tí òjò bá tún ti ìlà-oòrùn gbára jọ lọ́sàn-án, tó fi ìjì àti mànàmáná wọlé, ìdérí ti ń ṣí nìyẹn. Àmọ́ òjò kan kò tó. Bí ó bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ jìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fún un pọ̀ lọ́wọ́. Bí kò bá dì, tó ń fọ́ bọ́ láàárín ìka yín, ẹ fi irúgbìn sílẹ̀ nínú àpò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.